Láti MBR sí GPT: Bí Ìwé Ìpín Dísìkì Kọ̀ǹpútà Ṣe Yí Padà, Títí Dé Òkìtìpupa

Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, Windows kọ́ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ètò kékeré kan tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ sínú rẹ̀ ló ń ṣíwájú; BIOS ni wọ́n ń pè é lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Òun ló ń yẹ mẹ́mórì, kíbọọ̀dù àti dísìkì wò, òun náà ló sì ń wá ibi tí Windows wà, kí ó tó fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Kí ó tó lè rí ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ka àkọsílẹ̀ kan tó wà níbẹ̀rẹ̀ dísìkì, èyí tó sọ ọ̀nà tí a gbà pín dísìkì náà àti ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Lórí irú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ jù ní ọ́fíìsì àti ilé wa, ọ̀nà méjì ni wọ́n ti gbà kọ àkọsílẹ̀ yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni MBR, tó jáde ní 1983. Èkejì ni GPT, tí Intel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990.

Ẹni tó bá mọ oko ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní agbègbè Òkìtìpupa, kò ní pẹ́ lóye ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ bàbá kan lè pín oko àjogúnbá sí mẹ́ta, kí wọ́n gbin pèrègún sí ààlà, kí wọ́n sì kọ ìwé lé e lórí. Kò sí ọ̀pẹ kan nínú ìwé yẹn. Ibi tí ààlà wà nìkan ló ń sọ. Bákan náà ni MBR àti GPT: ìwé ìpín ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹrù tó wà lórí dísìkì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe nígbà tó yá láti pààrọ̀ ìwé láìfọwọ́ kan ọ̀pẹ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT jáde pẹ̀lú dísìkì líle mẹ́gábáìtì 10 nínú rẹ̀. Fọ́tò mẹ́ta tí fóònù òde òní bá yà lè kún un. PC DOS 2.0, tó jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ló mú MBR wá. Báìtì 512 péré ni MBR, ìyẹn sẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀ dísìkì. Báìtì 446 nínú rẹ̀ wà fún ìlànà tí BIOS yóò kọ́kọ́ mú ṣiṣẹ́, 64 wà fún ìwé ìpín, 2 tó kù sì jẹ́ àmì tó fi hàn pé àkọsílẹ̀ náà pé. Ìpín kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 16, nítorí náà ìpín mẹ́rin péré ni ìwé náà lè gbà. Nígbà tí mẹ́rin kò tó mọ́, wọ́n dá ọgbọ́n pé kí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di àpótí tí a lè kó àwọn ìpín mìíràn sí nínú. Àpótí yìí yóò tún padà wá dá wàhálà sílẹ̀ ní ọjọ́ iwájú.

Ìkùdíẹ̀-káàtó kejì wà nínú nọ́ńbà. Bíìtì 32 ni MBR fi ń ka sẹ́kítọ̀, bíìtì 32 kò sì lè kà ju 4,294,967,296 lọ. Tí a bá sọ iye yẹn di ìlọ́po 512, ohun tó jáde ni báìtì bíi tiriliọ̀nù 2.2, èyí tí a sábà máa ń pè ní tẹ́ràbáìtì 2. Ohun yòówù tó bá kọjá ibẹ̀ lórí dísìkì, MBR kò lè tọ́ka sí i. A kò lè bá àwọn tó ṣe é wí. Lójú ẹni tó ń lo mẹ́gábáìtì 10 ní 1983, ààyè tó fi ìgbà 200,000 jù ú lọ kò yàtọ̀ sí òkun.

Ìkẹta ló ba àwọn ènìyàn nínú jẹ́ jù lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni MBR ní, kò sì sí ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ní 1987 ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Stoned jáde láti New Zealand, tó sì ń sá pamọ́ sínú MBR gan-an. Kòkòrò náà á ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ètò ìdáàbòbò kankan tó jí. Michelangelo tẹ̀ lé e, tí wọ́n rí ní 1991, tó sì ń pa ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà jí kò ní ìlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò ló bí GPT. Láàárín àwọn ọdún 1990, Intel àti Hewlett-Packard ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n pè ní Itanium, BIOS àtijọ́ kò sì lè gbé e. Intel bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun láti rọ́pò BIOS ní 1998, ó sì sọ ọ́ ní EFI nígbà tó yá. Inú ìlànà EFI yìí ni ìwé ìpín tuntun náà, GPT, wà. Ní 2005, Intel fa iṣẹ́ náà lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, èyí tí Microsoft, Apple, AMD, Dell, IBM àti àwọn mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà yí orúkọ EFI padà sí UEFI. Itanium fúnra rẹ̀ kò rọ́jà tà tó bí wọ́n ṣe rò, ohun tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀ ló wá gba ayé kan.

GPT tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe. Bíìtì 64 ló fi ń ka sẹ́kítọ̀, nítorí náà kò sí dísìkì tó ṣeé rà lónìí tó lè tóbi jù ú lọ. Ìpín 128 ló sábà máa ń ní ààyè fún, kò sì nílò àpótí kankan. Ó ń fi ẹ̀dà kan síbẹ̀rẹ̀ dísìkì àti òmíràn sí ìparí, pẹ̀lú nọ́ńbà àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́. Ìlànà ìjí kò sì há mọ́ inú báìtì 446 mọ́. Ìpín kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ESP, ibẹ̀ ni àwọn fáìlì tí UEFI ń kà wà bí fáìlì yòókù. Lórí èyí ni wọ́n kọ́ Secure Boot lé, ìlànà tó ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wo àmì-ọwọ́ fáìlì kan kí ó tó gbà á láyè láti ṣiṣẹ́. Ìlẹ̀kùn tí kò sí nígbà ayé Stoned ti wá dé.

Nǹkan tuntun kì í tètè wọlé níbi tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Apple ló kọ́kọ́ mú EFI àti GPT wọ ilé àwọn ènìyàn lásán, nínú àwọn Mac tó ní ọpọlọ Intel ní 2006. Lẹ́yìn tí dísìkì tẹ́ràbáìtì 3 dé ọjà ní 2010 ni òpin tẹ́ràbáìtì 2 wá hàn sí gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2012, Microsoft gbé Windows 8 jáde, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà tuntun tó bá máa gbé àmì Windows 8 ní UEFI àti Secure Boot. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ tuntun tó jáde láti ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń bá GPT wá. Àmọ́ àwọn tó ṣe é fi ààyè kan sílẹ̀ nínú UEFI, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Legacy, kí ẹ̀rọ náà lè máa ṣe bí BIOS àtijọ́ fún ẹni tó bá fẹ́. Ààyè yìí ló gbé ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní Nàìjíríà, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ Basel Action Network kọ ìròyìn kan ní 2005 lórí ẹrù yìí. Wọ́n ní nǹkan bíi kọ̀ǹténà 500 ló ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn tó mọ ọjà náà fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe pẹ̀lú èrè. Ìjọba àpapọ̀ gbé òfin lórí ẹrù ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jáde ní 2011, lábẹ́ àjọ NESREA. Ọjà náà kò dúró nítorí ìyẹn. Láti ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, kọ̀ǹpútà ń gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá sí Òrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà sí ọ̀nà Òkìtìpupa.

Ohun méjì ló mú kí àwọn ará Ìkálẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà sí i ní àkókò náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Àgágù, ọmọ Ìjù-Odò, dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ sí Òkìtìpupa ní 2008. Yunifásítì náà ló ń jẹ́ orúkọ gómìnà náà báyìí. Ní 2015 sì ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé, pa ìdánwò orí ìwé rẹ́ pátápátá, tí gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àti àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ tí owó wọn ká. Tòkunbọ̀ ni owó wọn ká.

Ẹ̀rọ wo ló dé? Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ọ́fíìsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kó dànù, tí kò ní ju BIOS lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn tí wọ́n ṣe láti 2012 lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, UEFI sì wà nínú wọn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá GPT dé ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n. Oníṣòwò á ti fọ dísìkì náà mọ́, á sì fi Windows 7 sí i láti inú fláàṣì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Windows 7 tó jẹ́ bíìtì 32 kò lè gba UEFI jí rárá, òun gan-an ló sì bá ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ kò ju gígábáìtì 2 lọ mu. Wọ́n á wọ inú UEFI, wọ́n á yí i sí Legacy, wọ́n á sì pín dísìkì ní MBR. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tuntun ṣe ń lo ìwé àtijọ́. Lójú tèmi, èyí ni kókó ọ̀rọ̀ náà ní irú ibi tí a wà yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti gbó, ọ̀nà tí wọ́n gbà fi Windows sí i ló gbó.

Kí 2017 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní MBR lórí dísìkì tí Windows ń gbà jí ní ọ̀nà kan tí Microsoft fọwọ́ sí: kí ó kó ẹrù rẹ̀ sí ibòmíràn, kí ó pa dísìkì rẹ́, kí ó sì fi Windows sí i lákọ̀tun. Àwọn ètò tí a ń fowó rà wà tó lè ṣe é láìpa nǹkan rẹ́. Lórí Linux, ètò gdisk tí Roderick W. Smith kọ ní 2009 lè yí ìwé ìpín padà, ṣùgbọ́n ó kù sí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó láti tún ọ̀nà ìjí ṣe. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní oṣù kẹrin 2017, Microsoft gbé Windows 10 ẹ̀yà 1703 jáde, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ MBR2GPT sì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò pọ̀, àmọ́ ó létò. Ó ń kọ́kọ́ yẹ dísìkì wò. Ó ń gé díẹ̀ kúrò lára ìpín Windows láti fi ṣe ESP bí kò bá sí ààyè mìíràn. Ó ń kó fáìlì ìjí ti UEFI sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń kọ GPT, ó sì ń tún àkọsílẹ̀ ìjí Windows ṣe kí ó lè bá ìwé tuntun mu. Kì í gbé fáìlì ẹni tó ni ẹ̀rọ kúrò ní ojú ibi tó wà. Ọ̀pẹ wà níbi tó wà, ìwé nìkan ló yí padà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lórí tábìlì nìyí. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹ msinfo32, á sì wo ibi tí wọ́n kọ BIOS Mode sí. Bí ó bá ka Legacy níbẹ̀, á wádìí bóyá ẹ̀rọ náà ní UEFI rárá, nítorí pé tí kò bá ní in, yíyí dísìkì sí GPT yóò sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí kò jí mọ́. Lẹ́yìn náà á ṣí ojú ìwé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹ̀rọ, á sì kọ mbr2gpt /validate /disk:0 /allowFullOS. Àyẹ̀wò lásán nìyẹn, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan. Bí èsì bá dára, á yọ validate kúrò, á fi convert rọ́pò rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀rọ á ní òun ti parí, á sì kìlọ̀ pé kí wọ́n lọ yí UEFI sí ipò rẹ̀ kí Windows tó lè jí.

Ìkìlọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Wọ́n á tún ẹ̀rọ tàn, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé kò rí dísìkì tí òun lè gbà jí. Dísìkì kò bàjẹ́. BIOS àtijọ́ ló ń wá MBR níbi tí GPT ti gba ilé. Tí oníṣẹ́ bá tẹ F10 lórí HP, F2 lórí Dell, tàbí F1 lórí ThinkPad, tó sì yí Legacy padà sí UEFI, Windows á jí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á fọ́ọ̀màtì dísìkì náà nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Àyẹ̀wò náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà yọrí. MBR2GPT kò gba dísìkì tó ní ju ìpín gidi mẹ́ta lọ, nítorí pé ó fẹ́ ààyè fún ESP. Kò gba èyí tó ní àpótí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú. Ó sì wọ́pọ̀ kí àwọn tó ń bá ni fi Windows sí ẹ̀rọ pín dísìkì sí C àti D, kí D wà nínú àpótí náà. Nínú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, inú D ni iṣẹ́ ọdún púpọ̀ máa ń wà: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé àdéhùn ilẹ̀, ìbéèrè ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́. “Ẹńjiníà, ẹ má jẹ́ kí D mi lọ o” ni ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa ń fi ẹ̀rọ lélẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó D sí dísìkì mìíràn, kí wọ́n tú àpótí náà ká, kí wọ́n tó dán iṣẹ́ náà wò lẹ́ẹ̀kejì. Microsoft kò sì fọwọ́ sí lílo ètò náà fún dísìkì tí Windows 7 tàbí 8 wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè sí Windows 10.

Ìṣòro iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibùdó amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí wọ́n ṣí ní 2007 láti pèsè mẹ́gáwáàtì 335, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìlú gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìsí iná ìjọba, Òkìtìpupa sì wà lára wọn. Jẹnẹrétọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tó lágbára á fi sólà kún un. Tí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí MBR2GPT ń yẹ dísìkì wò, kò sí ewu. Tí ó bá tán láàárín ìgbà tó ń kọ GPT àti ìgbà tó ń tún àkọsílẹ̀ ìjí ṣe, ìwé àtijọ́ lè ti lọ kí ìwé tuntun tó pé. Alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára kò ní ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú lára alágbèéká tòkunbọ̀.

Títí di 2021, kò sí ohun tó fipá mú ẹnikẹ́ni láti yí padà. Windows 10 gba MBR, ó sì gba GPT. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún náà, Microsoft kéde Windows 11, ó sì jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. UEFI tó lè ṣe Secure Boot di dandan, TPM 2.0, ohun tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò ẹ̀rọ, sì di dandan pẹ̀lú. Ìgbà náà ni MBR2GPT wá di ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè, nítorí pé ẹ̀rọ tó wà ní Legacy gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ó tó lè tan Secure Boot.

Ọ̀pọ̀ ló ṣe ìyípadà náà tán kí wọ́n tó mọ̀ pé kò tó. Nínú àwọn ọpọlọ Intel, ìran kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017, ni Windows 11 ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀, àyàfi díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2013 lè ní UEFI, dísìkì rẹ̀ sì lè di GPT láìsí àléébù, síbẹ̀ kò ní wọ inú àwọn tí Microsoft gbà. Ìyípadà náà ṣì ní èrè tirẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: ìwé ìpín ní ẹ̀dà méjì, ẹnu ọ̀nà ìjí sì ní ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ sọ ibi tí èrè náà mọ fún oníbàárà kí ó tó gbowó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Wọ́n fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Àwọn ìwé-ẹ̀rí tí Secure Boot ti ń lò láti 2011 pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í pé ọjọ́ ní oṣù kẹfà 2026. Ẹni tó bá ti yí dísìkì rẹ̀ sí GPT, tó sì ti tan Secure Boot, kí ó rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ gba àwọn ìwé-ẹ̀rí tuntun tí wọ́n ṣe ní 2023.